Àrọ̀ Inú Odò Potomac: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Òpin Ọ̀sẹ̀ Kan Pẹja ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ìwọ́wé

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Prince George's County, ní Charles County àti ní gbogbo agbègbè Washington, ẹja tí ẹ lè fi se ata ẹja tó kún ìkòkò wà nínú odò Potomac tí ẹ ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Blue catfish ni wọ́n ń pè é níbí. Ìjọba Maryland kò fi òǹkà dè é, wọn ò sì fi ìwọ̀n dè é: iye tó bá wù yín ni ẹ lè pa lójúmọ́, jálẹ̀ ọdún.

Ó nídìí. Ẹja yìí kì í ṣe ọmọ odò náà. Odò Mississippi, Missouri àti Ohio ni orírun rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 ni wọ́n kó o wá sínú àwọn odò Virginia, kí àwọn tó ń fi ìwọ̀ ṣeré lè rí ẹja ńlá pa. Ó bí, ó rẹ̀, ó tàn dé gbogbo odò ńlá tó ń ṣàn wọ Chesapeake Bay, ó sì ń jẹ akàn àti ẹja kéékèèké tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń gbọ́ bùkátà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Gómìnà Wes Moore kọ̀wé sí ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n kéde ọ̀rọ̀ àwọn ẹja àjèjì wọ̀nyí ní àjálù fún iṣẹ́ ẹja pípa. Ẹ ò rí i pé ẹja tó wù wá láti jẹ ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé ká wá kó.

Ẹni tí kò tíì ju ìwọ̀ sómi rí ní Amẹ́ríkà ni mo kọ èyí fún, ẹni tó fẹ́ fi Jimọ̀ múra, kó fi Sátidé pẹja, kó sì fi Sọ́ńdè sè é. Etí odò ni mo ń sọ, kì í ṣe inú ọkọ̀. Mo sì mú ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà wọ Ọ̀kítóbà nítorí pé ìgbà yẹn ni oúnjẹ ń wọ ẹja yìí lára. Ó ti yé ẹyin rẹ̀ tán láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wọn, omi tó gbóná janjan ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ti ń tutù, ó sì ń jẹun kí òtútù tó dé.

Láísẹ́ǹsì

Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní in. Láti Washington lọ sísàlẹ̀, odò Potomac máa ń kún, ó sì máa ń fà lójoojúmọ́ bí òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi rẹ̀ kò níyọ̀ níbi tí à ń lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Chesapeake Bay and Coastal Sport Fishing License ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Nontidal wà fún adágún àti àwọn odò òkè, kò lè gbà yín sílẹ̀ níbí. Ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Maryland Department of Natural Resources, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìpẹja. Bí ẹ bá gòkè odò kọjá afárá Woodrow Wilson, omi DC lẹ wà, láísẹ́ǹsì tiwọn ni wọ́n máa bi yín. Àwọn ọjọ́ tí Maryland máa ń gbà kí ènìyàn pẹja láìní láísẹ́ǹsì kò bọ́ sí ìgbà ìwọ́wé: Sátidé méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù Júùnù àti ọjọ́ 4 oṣù Júláì ni.

Ẹja tí ẹ bá fi láísẹ́ǹsì yìí pa kò ṣeé tà, ìbáà jẹ́ fún ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí fún aládùúgbò. Ẹ lè fi tọrẹ.

Ibi tí ẹ máa jókòó sí

Fort Washington Park ni mo máa kọ́kọ́ darí yín sí. Wọ́n kọ́ odi ológun sórí òkè ibẹ̀ nítorí pé ibú omi tí ọkọ̀ ńlá ń gbà sún mọ́ bèbè Maryland níbẹ̀, ìbọn odi náà á sì lè bá ọkọ̀ ọ̀tá tó bá fẹ́ kọjá lọ sí Washington. Ohun tó wu ológun níbẹ̀ wu apẹja náà. Blue catfish máa ń sinmi nínú ibú lọ́sàn-án, á sì máa rìn lọ sí etí ibú láti wá oúnjẹ. Níbi tí ibú bá ti jìnnà sí bèbè, ẹ ò ní lè ju ìwọ̀ débẹ̀. Nítòsí ilé iná kékeré tó wà létí omi níbẹ̀, ẹni tó bá ju ìwọ̀ dáadáa á dé etí ibú. Ẹ máa sanwó ìwọlé, wọ́n sì máa ń ti ọgbà náà bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, nítorí náà kì í ṣe ibi ìpẹja òru.

Bí ẹ bá ń kó ọmọdé dání, tí ẹ fẹ́ sùn síbẹ̀, ẹ lọ sí Smallwood State Park ní Charles County, níbi tí Mattawoman Creek ti ń wọnú Potomac. Ibẹ̀ ní ibi àgọ́ àti afárá onípákó tí ènìyàn lè dúró lé lórí pẹja, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sì mọ́. Fún ìdílé, òun ló rọrùn jù. Fún ẹja, Fort Washington ni mo fara mọ́.

Lẹ́yìn òjò ńlá, pàápàá nígbà tí ìyókù ìjì òkun bá gba agbègbè yìí kọjá ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ẹ dúró ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ní apá kan ìlú Washington, omi òjò àti omi ìgbẹ́ jọ ń gba inú páìpù kan náà ni. Bí òjò bá pọ̀ jù, á kún àkúnya sínú odò.

Ọ̀pá, okùn àti ìwọ̀

Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méje tí wọ́n kọ “medium heavy” sí lára tó. Ẹ fi rílì tó lágbára sí i, kí ẹ sì kó okùn ọ̀rá tó lè gbé 25 tàbí 30 pọ́ùn sínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ẹja adágún fún yín. Ní ọdún 2012, wọ́n fi ìwọ̀ pa ọ̀kan nínú odò Potomac yìí kan náà tó wúwo tó 84 pọ́ùn. Ẹ lè má pàdé irú rẹ̀ láé, ṣùgbọ́n èyí tó tó 15 pọ́ùn wọ́pọ̀, òun náà sì lè wọ́ ọ̀pá tí ẹ kàn gbé ti òkúta wọnú odò. Ẹ ra irin tí wọ́n ń rì mọ́ ilẹ̀ láti fi gbé ọ̀pá dúró, ọ̀kan fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rì í jinlẹ̀.

Irú ìwọ̀ tí ẹ máa rà ni circle hook, nọ́ńbà 6/0 tàbí 7/0. Ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú padà sí ọ̀nà ìdí ara rẹ̀. Bí ẹja bá gbé ìdẹ sẹ́nu tó sì yíjú padà láti lọ, ìwọ̀ náà á fà bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun, á sì kọ́ ọ ní igun ẹnu. Ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e mì, ó sì rọrùn láti yọ. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bà á jẹ́: kí ẹ já ọ̀pá sókè lójijì. Ìwọ̀ yìí kò fẹ́ já-já. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá tẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú irin rẹ̀, kí ẹ wá rọra máa ká rílì.

Bí ẹ ṣe máa to gbogbo rẹ̀ pọ̀ rèé. Ẹ mú òjé oníhò tó wúwo tó áńsì mẹ́ta, ẹ ki okùn ọ̀pá bọ inú rẹ̀ kó lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan tẹ̀ lé e, kí òjé má baà máa lu kókó. Ẹ wá so okùn náà mọ́ swivel, irin kékeré olójú méjì tí kì í jẹ́ kí okùn lọ́. Sí ojú rẹ̀ kejì, ẹ so okùn tó nípọn jù, tó lè gbé 50 pọ́ùn, tó gùn tó 18 ínǹṣì, kí ìwọ̀ wà ní ìparí rẹ̀. Ẹ fi fóòmù kékeré tó ń léfòó sórí okùn yìí, ní nǹkan bí ínǹṣì mẹ́rin sí ìwọ̀. Òun ló ń gbé ìdẹ kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí akàn má baà jẹ ẹ́ tán kí ẹja tó dé, kí òórùn rẹ̀ sì lè bá omi lọ.

Kókó tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni èyí tí wọ́n ń pè ní Palomar. Ẹ ká ìparí okùn po sí méjì, ẹ ki ìparí náà bọ ojú ìwọ̀, ẹ ta á ní kókó kan láì fà á le, ẹ wá gba ìwọ̀ fúnra rẹ̀ kọjá nínú ìhò tó kù lápá kejì. Ẹ fi itọ́ yín rin ín kí ẹ tó fà á le. Itọ́ yẹn kì í ṣe àṣà lásán: okùn ọ̀rá tó gbẹ máa ń gbóná bó bá ń yún ara rẹ̀, ooru náà á sì sọ ọ́ di aláìlágbára ní ibi kókó gan-an. Ẹ ta kókó yìí nílé ní alẹ́ Jimọ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Létí odò, bí ẹja bá ń fò níwájú yín, ọwọ́ á máa gbọ̀n.

Ìdẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ pé àrọ̀ fẹ́ ohun tó ń rùn, wọ́n á lọ ra ìdẹ inú ike tó ń run imú. Channel catfish, irú àrọ̀ mìíràn tó wà níbí, lè fẹ́ràn ìyẹn. Blue catfish, ẹja tútù ló ń wá, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì ṣàn tán. Gizzard shad tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà ló dára jù, menhaden ló tẹ̀ lé e, ẹ sì máa rí èyí tó wà nínú yìnyín rà ní ṣọ́ọ̀bù ìdẹ. Bí kò bá sí, ẹ fi ekòló àti ìwọ̀ kékeré pa white perch díẹ̀ níbẹ̀ fúnra yín. Ọmọdé ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn, inú wọn á dùn.

Ẹ gé ìdẹ ní ìbú, kí ègé kọ̀ọ̀kan nípọn tó ínǹṣì kan àbọ̀. Orí ẹja náà, ẹ má jù ú nù. Orí ló ń pẹ́ lójú ìwọ̀ jù, ẹja ńlá sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gún ìwọ̀ kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, kí ẹnu ìwọ̀ yọ síta gbangba. Bí ẹran bá dí àlàfo tó wà láàárín ẹnu ìwọ̀ àti ìdí rẹ̀, ẹja á jẹ ẹ́, á sì lọ láìfara pa. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30, omi á ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kódà bí ojú kò bá rí nǹkan kan tó jẹ ẹ́.

Omi kíkún, omi fífà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹni tó ní ọ̀pá olówó gọbọi tí kò mọ àkókò omi, ẹni tó ní ọ̀pá ògbólógbòó tó mọ̀ ọ́n á pa ẹja jù ú lọ.

Omi Potomac níbẹ̀ máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, á fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín ọjọ́ kan àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Láti ìgbà tó bá kún tán títí dìgbà tó bá fà tán, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ni. Nígbà tí omi bá ń rìn, ó ń gbé òórùn ìdẹ lọ jìnnà, ó sì ń fa àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kúrò nínú koríko etí bèbè sọ́nà ibú, níbi tí blue catfish ti ń dúró dè wọ́n. Nígbà tí omi bá dúró jẹ́ẹ́ kó tó yí padà, ẹja náà á dákẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ jẹun, kí ẹ sì tún okùn ṣe.

Mo fẹ́ràn omi tó ń fà ju èyí tó ń kún lọ. Ẹ wo àkókò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì NOAA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, fún Washington ní ọjọ́ Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, kí ẹ fi í pinnu wákàtí tí ẹ máa jáde. Ní Fort Washington, tó wà nísàlẹ̀ odò, omi máa ń yí padà díẹ̀ ṣáájú ti Washington. Ká ní omi kún tán ní aago 1 ọ̀sán Sátidé, á fà tán ní nǹkan bí aago 7 ìrọ̀lẹ́. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago 1, ẹ to nǹkan yín, kí ìwọ̀ wà nínú omi ní aago 2. Láàárín aago 2 sí 6 ni omi máa rìn jù. Oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 7 ní ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà, nítorí náà ẹ ti ṣe tán kí wọ́n tó ti ọgbà. Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ kùtùkùtù ni omi ń fà, ẹ tètè sùn ní Jimọ̀.

Bí omi bá lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí òjé yín ń yí lọ nísàlẹ̀, ẹ fi òjé áńsì mẹ́rin tàbí márùn-ún rọ́pò rẹ̀. Ìdẹ tó ń yí kiri máa ń há sáàárín òkúta.

Bí ẹja bá jẹ ẹ́

Ẹ tú bírékì rílì díẹ̀, kí okùn lè jáde bí ẹja bá fà gan-an. Ọ̀pá á kọ́kọ́ mi lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà á tẹ̀ síwájú omi, kò sì ní padà mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ máa ká rílì, kí ẹ yọ ọ̀pá kúrò nínú irin, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá fẹ́ sáré, ẹ jẹ́ kó sáré. Ẹ ní àwọ̀n olọ́wọ́ gígùn nítòsí, kí ẹnì kejì fi gbé e. Ẹ má wọnú odò lọ gbé e, nítorí bèbè ibú máa ń já lójijì.

Ẹ̀gún mẹ́ta ló ní: ọ̀kan lórí ẹ̀yìn, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti pa àrọ̀ nílé mọ irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀. Ó le, ó sì ní eyín wẹ́wẹ́ lára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ di í mú láti abẹ́ ikùn, lẹ́yìn ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ lè dá a mọ̀. Ìrù rẹ̀ là sí méjì, kò rí roboto bíi ti àrọ̀ tiwa. Lẹ́bẹ́ tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ nítòsí ìrù gùn, etí rẹ̀ sì tọ́ gbọnrangandan. Ti channel catfish a máa tẹ̀ kọrọdọ. Ìyàtọ̀ mìíràn tó kan apẹja ni pé àrọ̀ ilé lè mí afẹ́fẹ́, ó lè wà láàyè fún wákàtí púpọ̀ nínú agbọ̀n. Blue catfish kò lè mí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú òòrùn, ẹran rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Nítorí náà ẹ fi kùmọ̀ lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, ẹ gé ìjàgbọ̀n rẹ̀, ibi pupa tó fi ń mí, ẹ fi í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn tán, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sáàárín yìnyín nínú kúlà. Ẹran rẹ̀ á funfun, kò ní rùn. Ẹ má gbé e láàyè lọ sínú adágún tàbí odò mìíràn láé. Òfin kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìṣòro Chesapeake ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹja mìíràn lè gbé ìdẹ yín. Striped bass, ẹ dá a padà bí ẹ kò bá tíì ka òfin ọdún náà, nítorí ó máa ń yí padà. Atlantic sturgeon, èyí tí ara rẹ̀ ní pátákó egungun, ẹ má gbé e kúrò nínú omi, ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bò ó. Snakehead, tí orí rẹ̀ jọ ti ejò, àjèjì lòun náà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sílé, ẹ pa á níbẹ̀, ẹran rẹ̀ sì dùn gidigidi.

Èyí tí a máa jẹ

Ní ilẹ̀ odò Potomac, kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń pè ní PCB, tí Amẹ́ríkà ti fòfin de ṣíṣe rẹ̀ láti ọdún 1979, ṣùgbọ́n tí kò tíì tán nínú ẹrẹ̀. Inú ọ̀rá ẹja ló máa ń kó sí. Bí ẹja bá ṣe dàgbà tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pọ̀ nínú rẹ̀ tó. Maryland Department of the Environment ní àtẹ tó sọ ìwọ̀n ẹja àti iye ìgbà tí àgbàlagbà, aláboyún àti ọmọdé lè jẹ ẹ́ lóṣù. Ẹ wò ó kí ẹ tó jáde. Aláboyún àti ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá tiwọn níbẹ̀.

Fún jíjẹ, èyí tó wà láàárín 15 sí 24 ínǹṣì ni mo máa ń mú. Ẹran rẹ̀ rọ̀, ó sì dùn ju ti àgbà lọ. Bí ẹ bá pa èyí tó tóbi kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sínú ìkòkò ọmọ yín.

Ìdáná Sọ́ńdè

A fẹ́ràn kí awọ wà lára ẹja wa, mo mọ̀. Fún ẹja odò yìí, ẹ bó o. Ẹ fi ọ̀bẹ gé awọ yíká lẹ́yìn orí, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, kí ẹ fà á sọ́nà ìrù. Ẹ gé ọ̀rá ikùn kúrò, kí ẹ sì gé ẹran pupa tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ gbọọrọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rá pọ̀ sí jù.

Ìṣòro ata ẹja ni pé ohunkóhun tó bá yọ́ lára ẹja, inú omi ọbẹ̀ ló wà, àwa a sì mu ún. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n kọ́kọ́ fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, kí n tẹ́ ẹ sórí irin inú ààrò ní 400°F fún ìṣẹ́jú 15, kí ọ̀rá kán sílẹ̀ sínú páànù. Ọ̀rá yẹn, ẹ dà á nù. Ẹ wá se omi ọbẹ̀ lọ́tọ̀: ata rodo, àlùbọ́sà, atalẹ̀, ariwo (ehuru) tí ẹ ti yan tí ẹ sì lọ̀, àti ẹ̀ẹ̀rù. Kí ó hó fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló nílò nínú rẹ̀. Ẹran rẹ̀ kò le bíi ti àrọ̀ ilé, nítorí náà ẹ má fi ṣíbí rò ó, ẹ gbá etí ìkòkò mú kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ já efinrin sí i kẹ́yìn. Ẹni tó gbin efinrin sẹ́yìn ilé ṣì máa rí i já ní àsìkò yìí, nítorí yìnyín òru kì í sábà bọ́ ní agbègbè Washington títí di ìparí Ọ̀kítóbà tàbí Nòfẹ́ńbà.

Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbẹ ẹ́ lórí iná igi, kí ọ̀rá máa kán sínú eérú. Àwọn kékeré tó tó 15 ínǹṣì ṣeé ká kí wọ́n tó gbẹ. Èyí tó bá jẹ́ tútù, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pa á sí i lára, kí ẹ fi í sí fíríísà, kí ẹ jẹ ẹ́ tán kí oṣù mẹ́ta tó pé.